Àgbà Orí Kẹ̀kẹ́, Ọ̀dọ́ Inú Ìwé

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Ta ló dáhùn un nì? Ṣé ẹ̀yin ọmọ inú àgbàlá ni, àbí àwọn ẹyẹlé orí tẹ́ńpìlì? Ẹ jẹ́ kó dún dáadáa.

Ààlọ̀ o.

Ìtàn mi dá gbọ̀ọ́, ó rá gbọ̀ọ́. Kò balẹ̀ sórí òkè yìnyín, kò balẹ̀ sórí òrùlé tí wọ́n sá ata sí. Orí fìlà Súbà Tejman ló balẹ̀ sí, nítorí pé ní gbogbo ìlú Patan, kò sí fìlà tó ga tó o.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kì í, kí inú rẹ̀ lè dùn níbi tó bá wà. Tejman Amatya, ọkọ òǹtẹ̀, àna bébà. A-wú-bí-àkàrà-inú-epo. A-wúkọ́-kí-ará-ilé-dìde. Agbòjò tí kò mọ òjò, ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni wọ́n ń rí i. Ó ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba níbi tí wọ́n ti ń wọn ilẹ̀, wọ́n sì fi í jẹ Súbà. Súbà yìí, akọ̀wé ni lójú àwọn tó wà lókè, ọ̀gá ni lójú àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bí Tejman ṣe ń pe oyè náà, ẹ ó rò pé òun ló di okùn ìwọnlẹ̀ mú fún Ọlọ́run nígbà tí Ọlọ́run fẹ́ tẹ́ ayé.

Chirimaya ìyàwó rẹ̀ ti bá a gbé ọdún méjìléláàádọ́ta. Tejman kì í dáhùn ọ̀rọ̀ bí ènìyàn. "Hùn" ló máa ń wí. Chirimaya ti mọ oríṣi "hùn" mẹ́rìnlá. "Hùn" ebi wà. "Hùn" owú wà. "Hùn" pé kí wọ́n wá yin òun wà, ìyẹn ló sì máa ń pẹ́ jù.

Ohun kan tún wà tí gbogbo agbo ilé mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í sọ. Nígbà tí Tejman ń wá iṣẹ́ ìjọba, ó gé ọdún mẹ́fà kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀, bí ẹni gé èékánná. Àwọn mìíràn nígbà náà gé ọdún kan. Àwọn mìíràn gé méjì. Tejman gé mẹ́fà, nítorí pé ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń yá oòrùn, tí wọ́n ń pa ẹ̀pà jẹ, òun ṣì wà lórí àga ìjọba fún ọdún mẹ́fà gbáko, ó ń gbowó oṣù, ó sì ń sọ pé egungun òun ló le.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ẹni méjì. Tejman ti ara, ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Tejman ti ìwé, ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Àwọn méjèèjì ń gbé inú ṣòkòtò kan ṣoṣo, wọn kò sì jà rí.

Ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí i láti Táílándì. Bàbá náà jókòó létí òkun, ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó ń fi ọ̀pá bébà fa omi àgbọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọkùnrin tó gbé oúnjẹ wá dúró sí, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó sì tẹrí ba.

Tejman wo fọ́tò náà títí tíì rẹ̀ fi tutù.

"Ta ni ọkùnrin yìí ń tẹrí ba fún?"

"Ọ̀gá yín ni," ni Chirimaya wí.

"Ìyẹn? Ọkùnrin tí kò lè kọ lẹ́tà kan láìjẹ́ pé èmi ni mo tún un ṣe?"

Láti ọjọ́ náà, oorun Tejman di kékeré. Ó lọ kó ìwé pelebe-pelebe lọ́wọ́ àwọn tó ń báni wá físà, ó sì tẹ́ gbogbo wọn sórí òrùlé, níbi tí Chirimaya sá ata sí. Físà tó ń wá ni èyí tí wọ́n ń fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n fẹ́ lọ fi ọjọ́ tó kù gbé nílẹ̀ òkèèrè. Orílẹ̀-èdè tó ń fún ni ní irú rẹ̀ pọ̀, àfi kí èèyàn ṣa èyí tó wù ú.

Ẹlòmíràn ì bá wo ilé ìwòsàn. Ẹlòmíràn ì bá wo oúnjẹ, tàbí otútù. Tejman kò wo ọ̀kan nínú wọn. Bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ló ń wò.

"Èyí ńkọ́?" Chirimaya mú ọ̀kan. "Òkè wà níbẹ̀. Ó dà bí ilé."

"Ọwọ́ ni wọ́n ń bọ ara wọn níbẹ̀, àtọmọdé àtàgbà. Ṣé kí ọmọ àná wá gbá mi lọ́wọ́ mú bí ẹni mú eku? Jù ú nù."

"Èyí?"

"Orúkọ ni wọ́n ń pe àgbàlagbà. Tejman ṣákálá, bí ẹni pe ajá. Jù ú nù."

"Èyí ńkọ́? Wọ́n ní wọ́n fẹ́ràn àlejò."

"Wọ́n máa ń dì mọ́ni. Èmi? Àwọn wo ni yóò dì mọ́ mi?"

Chirimaya rò ó díẹ̀. Òun náà kò rí ẹni tí yóò dì mọ́ ọn.

Bí wọ́n ṣe já gbogbo ayé dànù nìyẹn, tó fi ku Táílándì, ilẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ pípapọ̀. Tejman gbé ìwé náà sókè bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Ibí yìí ni a ó kú sí."

"A?" ni Chirimaya wí.

"Wọ́n ní kí ènìyàn ti lé ní àádọ́ta ọdún. Mo ti lé. Kó gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá pé kò jalè rí. Kò sẹ́ni tó rí mi. Kó ní ìwé adójútòfò, kó má baà ṣàìsàn sí wọn lọ́rùn. Kó sì ní owó tí yóò máa sùn ní báǹkì, tí kò ní jí."

"Owó wo ni yóò sùn?"

"Owó ilé."

"Ilé wo, Bàbá Subarna?"

Tejman fi ẹsẹ̀ kan òrùlé tí wọ́n jókòó lé lórí.

Ọwọ́ Chirimaya dúró sínú ata. Ilé alájà mẹ́rin ni, bíríkì pupa, fèrèsé onígi tí bàbá ọkọ rẹ̀ fín. Orúkọ Tejman nìkan ló wà lórí ìwé rẹ̀. Ní àjà kejì ni Subarna ọmọ wọn ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ní àjà kẹrin, lábẹ́ òrùlé gan-an, ni ilé ìdáná Chirimaya wà, níbi tó ti lè yọjú kí gbogbo àgbàlá láìsọ̀ kalẹ̀. Onílé-ìtura kan tó ń jẹ́ Rabindra ló fẹ́ rà á. Rabindra ti wọn ilé ìdáná náà. Ó ní ilé ìwẹ̀ òyìnbó ni yóò wà níbẹ̀.

"Subarna ńkọ́?"

"Yóò háyà yàrá. Ọ̀dọ́ ni."

"Mo bí ọmọ mẹ́rin nínú ilé yìí. Mi ò mọ òkun, Bàbá Subarna."

"Òkun náà kò mọ̀ ọ́. Ẹ ó mọ ara yín."

Chirimaya kó ata rẹ̀ sínú agbọ̀n, ó sọ̀ kalẹ̀. Kò sunkún. Ata tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi ń ta á lójú, bẹ́ẹ̀ ló sọ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Tejman kì í ṣe òmùgọ̀ o, ẹ má ṣì í mú. Ó ní òun kò ní ta ilé kí òun tó mọ̀ dájú pé òun ń lọ. Òun àti Rabindra sọ ọ́ pé, lọ́jọ́ tí ìwé adójútòfò bá ti jáde, ọjọ́ náà ni àwọn yóò tẹ̀ka. Ó wá kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan tó jẹ́ ti ilẹ̀ òkèèrè. Lẹ́tà padà dé, gẹ̀ẹ́sì ni látòkè délẹ̀. Wọ́n ní àwọn kì í gba ẹni tuntun tó bá ti kọjá ọdún márùndínlọ́gọ́rin.

Tejman rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ ògiri.

"O rí i? Ọdún mẹ́fà tí mo gé sọnù níjọ́sí, ó ti hù. Ó ń so èso. Ọlọ́gbọ́n gé èékánná, èékánná di igi ọsàn."

Lẹ́tà náà ní ìsàlẹ̀. Wọ́n ní nítorí pé ó ti lé ní àádọ́rin, àwọn yóò rán ènìyàn wá wò ó nílé, bóyá ó lè dìde, bóyá ó lè jókòó, bóyá orí rẹ̀ pé. Kó mú ọjọ́ tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni àwòrò ìdílé wọn wọlé. Ó tú ìwé ìràwọ̀ tí wọ́n kọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí Tejman, ìwé gígùn bí aṣọ ìgbàjá. Ó fi ìka ka ọjọ́, ó ka oṣù, ó ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni Tejman yóò pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, oṣù méje, ọjọ́ méje.

Ẹ̀yin ọmọ, kí ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá pé bẹ́ẹ̀? Ẹ dáhùn.

Janku.

Janku ni. Ẹ ò sùn. Wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ òrìṣà, wọ́n á fi wúrà sí i létí. Wọ́n á gbé e sórí kẹ̀kẹ́, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ á sì fi okùn fà á yí àdúgbò ká. Láti ọjọ́ náà, kì í ṣe ènìyàn lásán mọ́. Òrìṣà ni.

Chirimaya rò pé ọkọ òun yóò bẹ àwòrò pé kó sún un síwájú, kó jẹ́ kí ẹni adójútòfò kọ́kọ́ wá kó lọ. Kò ronú kan Ganeshlal.

Ganeshlal ni ó ń ta ìkòkò idẹ lódìkejì àgbàlá. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n fi kẹ̀kẹ́ fa òun. Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá kí i, kì í dáhùn, ó kàn máa ń na àtẹ́lẹwọ́ síta bí ère. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ó yọjú lójú fèrèsé.

"Tejman, ẹ kú ìdúró nílẹ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn lásán."

Ó parí. Olùta ìkòkò di òrìṣà, kí Súbà máa fẹsẹ̀ rìn? Tejman ní kí wọ́n kan kẹ̀kẹ́ tó ga ju ti Ganeshlal lọ ní ìgbọ̀nwọ́ kan. Ó ní kí wọ́n fi tìmùtìmù méjì lé ìjókòó. Lẹ́yìn náà ni èrò kan wọ orí rẹ̀, èrò náà sì tóbi débi pé ó ní láti ṣí fìlà.

"Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn gan-an ni kí ẹni adójútòfò wá."

Chirimaya gbé ṣíbí kalẹ̀. "Ọjọ́ kẹ̀kẹ́?"

"Kó wá bá mi nínú wúrà. Kó rí igba ènìyàn lórí ìkúnlẹ̀. Wọn ò ní béèrè pé ṣé mo lè jókòó. Wọn yóò fún mi ní ìwé àwọn ẹni ńlá."

"Bàbá Subarna, kẹ̀kẹ́ yẹn máa ń sọ nǹkan fún ẹni tó bá rí i."

"Ó ń sọ pé ènìyàn pàtàkì ni mí."

"Ó ń sọ nǹkan mìíràn kó tó sọ ìyẹn."

"Igi ni kẹ̀kẹ́. Igi ò lẹ́nu."

"Gbogbo ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ibí..."

"Ọmọ ibí kẹ̀? Ilé-iṣẹ́ òkèèrè ni. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ. Òyìnbó ni wọ́n máa rán wá. Ṣé òyìnbó mọ Janku? Yóò rò pé bí mo ṣe máa ń lọ sọ́jà nìyẹn. Obìnrin, ẹni tí kò wọnlẹ̀ rí kì í kọ́ni níbi tí ààlà wà."

Chirimaya wo ọkọ rẹ̀. Ó wo ilé ìdáná rẹ̀, ó wo ògiri tí èéfín ti sọ di dúdú láti ìgbà tó ti jẹ́ ìyàwó tuntun. Ó ti kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti gba ẹ̀kẹta mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ó dáa," ló wí.

Ẹ gbọ́ o. Bí obìnrin bá ní "ó dáa", tí kò gbé ohùn sókè, tí kò sì fi ṣíbí lu ìkòkò, ẹ kúrò lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Wọ́n fi òdòdó bo kẹ̀kẹ́ débi pé kẹ̀kẹ́ kò rí iwájú. Fèrè ń dún, aro ń dún. Wọ́n ti gún ìrẹsì pẹlẹbẹ, wọ́n ti yan ẹran ẹfọ̀n, wọ́n ti din ẹ̀wà dúdú, ọtí ìrẹsì wà nínú ìkòkò amọ̀, ó mọ́ bí omi, ó sì ń jó bí iná. Orí òbúkọ ti wà nínú omi gbígbóná, nítorí àsè ẹbí ni, ẹ sì mọ̀ bí wọ́n ṣe ń pín orí òbúkọ. Ojú ọ̀tún fún ẹni tó dàgbà jù. Ojú òsì fún ẹni tó tẹ̀lé e. Etí, imú, ahọ́n, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni Tejman ti ń jẹ ojú ọ̀tún, ó sì máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí Astaman àbúrò rẹ̀ lè rí i.

Rabindra onílé-ìtura náà wá. Ìwé ilé wà lápò rẹ̀, bíírò wà lápò kejì.

Wọ́n gbé Tejman gun kẹ̀kẹ́ nínú ẹ̀wù pupa olówùú wúrà. Wọ́n gbé Chirimaya jókòó tì í, nítorí pé bí ọkọ bá di òrìṣà, ìyàwó kì í fẹsẹ̀ rìn. Tìmùtìmù méjèèjì jẹ́ ti Tejman. Orí igi ni Chirimaya jókòó lé.

Tejman ń na ọrùn wo ẹnu ọ̀nà àgbàlá. "Ṣé ẹ ti rí òyìnbó kankan?"

Alùpùpù kan ló dé. Ọmọbìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí akoto, ó ṣí bàtà, ó fi orí kan ẹsẹ̀ Tejman, ó fi orí kan ti Chirimaya. Tejman fi ọwọ́ kan tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè rí ọ̀nà.

"Òyìnbó dà?"

"Òyìnbó wo, Bàbá àgbà?" Èdè wa náà ló fi dáhùn, ó dùn létí bí ti ẹni tó mu ún pọ̀ mọ́ ọmú ìyá.

"Ẹni tí àwọn adójútòfò rán."

"Èmi ni wọ́n rán. Rojina Tuladhar lorúkọ mi, àdúgbò Asan ni ilé wa." Ó wo kẹ̀kẹ́ láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ kú oríire o. Lóṣù tó kọjá la fa bàbá bàbá mi. Kẹ̀kẹ́ tiyín ga ju tiwọn lọ."

Inú Tejman dùn sí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ ohun tí kẹ̀kẹ́ ń sọ.

"Kì í ṣe tèmi," ló wí.

"Kí ni kì í ṣe tiyín?"

"Kẹ̀kẹ́ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín. Mo kàn ń bá wọn dán an wò, bóyá táyà rẹ̀ dára."

"Ẹ̀gbọ́n wo?" ni Astaman bi í láti ibi okùn. Ariwo fèrè pọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yẹn nìkan ló gbọ́. "Ìwọ ni àkọ́bí."

Rojina fa fọ́ọ̀mù yọ. "Bàbá àgbà, ẹ má bínú. Mo ní láti bi yín, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ ọ́. Ọdún yín mélòó?"

Tejman tẹ̀ síwájú, ó sọ ọ́ sí i létí.

"Mi ò gbọ́, Bàbá àgbà. Fèrè yìí ni."

Ó tún sọ ọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ohùn sókè."

Bí ayé ṣe ń ṣe ẹni nìyẹn. Àwọn onífèrè rò pé òrìṣà fẹ́ súre, wọ́n dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn Tejman sì bọ́ sínú ìdákẹ́jẹ́ náà bí ìkòkò idẹ tó já lórí àtẹ̀gùn.

"Mọ́kànléláàádọ́rin."

Òdòdó bọ́ lọ́wọ́ àwòrò.

"Súbà," ni àwòrò wí, "ẹ tún un sọ fún mi."

"Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ni. Kò kàn yín."

"Ó kàn mí. Mo ti pe òrìṣà mọ́kàndínlọ́gọ́ta wá síbí láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Mo sọ fún wọn pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ló ń gun kẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá jẹ́ mọ́kànléláàádọ́rin, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí n lọ bẹ̀ wọ́n."

"Mi ò ní sọ̀ kalẹ̀."

"Nígbà náà ẹ kì í ṣe mọ́kànléláàádọ́rin."

Rojina ń fi bíírò kan eyín. "Bàbá àgbà, ìwé yín ní mọ́kànléláàádọ́rin. Kẹ̀kẹ́ yín ní mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ọ̀kan nínú wọn ń parọ́, àyè kan ṣoṣo ni wọ́n sì fún mi láti kọ ọ́ sí."

"Ara mi ni mẹ́tàdínlọ́gọ́rin," ni Tejman wí. Òógùn ti ń da wúrà etí rẹ̀ láàmú. "Ìwé mi ni mọ́kànléláàádọ́rin. Òótọ́ ni méjèèjì."

Ganeshlal na àtẹ́lẹwọ́ síta lójú fèrèsé. "Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ló ń lọ sí Táílándì?"

Ẹ̀rín bú. Ṣùgbọ́n Astaman kò rẹ́rìn-ín. Astaman ti fi okùn sílẹ̀, ó ń ka ìka. Ó ka ti ọ̀tún, ó ka ti òsì, ó tún padà sí ti ọ̀tún.

"Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí," ló wí.

"Ta ló bi ọ́?" ni Tejman wí.

"Bí o bá jẹ́ mọ́kànléláàádọ́rin, mo fi ọdún mẹ́ta jù ọ́ lọ. Èmi ni ẹ̀gbọ́n. Sọ̀ kalẹ̀ wá kí mi."

"Astaman, orí rẹ ti dàrú."

"Ẹ̀gbọ́n Astaman. Kí o sì fi ọ̀wọ̀ pè é." Ó yíjú sí ibi ìdáná. "Ẹ bá mi gbé orí òbúkọ yẹn bọ̀. Ẹ bá mi yọ ojú ọ̀tún. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ yìí ti ń jẹ ojú mi."

Tejman yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Chirimaya, bá wọn sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ wo?" Chirimaya tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi kànga. "Lọ́jọ́ tí wọ́n wá tọrọ mi, wọ́n sọ fún bàbá mi pé ọkùnrin náà ti pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Bí ìwé yìí bá jẹ́ òótọ́, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n gbé mi fún. Bàbá mi kì bá gbà. Ọmọ mi Rojina, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ lè máa mú un lọ sí òkun. Èyí tó fẹ́ mi níyàwó ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

"Ìyá àgbà, ẹyọ kan ni mo rí lórí kẹ̀kẹ́," ni Rojina wí.

"Èmi náà ń retí kí ó sọ èyí tó jẹ́."

Wọ́n ti yọ ojú òbúkọ náà. Ó ń bọ̀ lórí ewé, ó yípo, ó funfun, èéfín ń rú lára rẹ̀. Ó kọjá níwájú àwòrò. Ó kọjá níwájú Rabindra, tó ti mú bíírò jáde tó ń wojú gbogbo ènìyàn. Astaman ti na ọwọ́. Tejman wo ọwọ́ àbúrò rẹ̀, ó wo ojú òbúkọ, ojú òbúkọ náà sì ń wò ó. Nínú ọkàn rẹ̀ òkun ń hó, àtẹ́lẹwọ́ ń pa pọ̀, ọkùnrin agbóúnjẹ ń tẹrí ba. Ṣùgbọ́n òkun jìnnà. Astaman ti la ẹnu.

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin," ni Tejman wí.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta," ni àwòrò wí, "kí àwọn òrìṣà tó ti ń padà lọ lè gbọ́."

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, oṣù méje, ọjọ́ méje."

"Ọdún mẹ́fà yòókù ńkọ́?"

"Mo gé e."

"Ta ló gé e?"

"Èmi Tejman ni mo gé e, kí n lè pẹ́ lórí àga."

Gbogbo àgbàlá ní "ẹn-hẹn", bí ẹni pé wọn kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ẹlẹ́ṣẹ̀ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ni ó máa ń dùn bí ìròyìn tuntun.

Rojina kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fa igi kan lé ohun tó wà lókè, ó fa òmíràn lé ohun tó wà nísàlẹ̀, ó pa fọ́ọ̀mù dé. "A ò ní lè gbà yín, Bàbá àgbà. Ẹ má bínú sí mi." Lẹ́yìn náà ó ṣe ohun tí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ń ṣe. Ó padà wá síwájú kẹ̀kẹ́, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, ó fi orí kan ẹsẹ̀ Tejman. "Ẹ súre fún mi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń ṣe ìdánwò fún ìgbéga."

Òrìṣà kò gbọdọ̀ kọ̀. Gbogbo ènìyàn ń wò ó. Tejman gbé ọwọ́ lé ọmọ tó já a nínú ìwé lórí, eyín rẹ̀ pa mọ́ ara wọn bí ilẹ̀kùn ìṣúra.

"Wàá yege," ló wí.

"Ẹ fi ẹ̀rín sí i, Bàbá àgbà, kó lè ṣẹ."

Ó fi ẹ̀rín sí i. Wọ́n ní ẹ̀rín náà gba àkókò kó tó dé.

Rabindra ti bíírò bọ àpò. Ó ti ìwé ilé bọ àpò kejì. Ó bu ẹran ẹfọ̀n lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé kò yẹ kí ènìyàn pàdánù nǹkan méjì lọ́jọ́ kan, ó sì gba ẹnu ọ̀nà lọ.

Wọ́n wá fa kẹ̀kẹ́. Ẹ ò bá rí àwọn ọmọdé. Ní oríta kọ̀ọ̀kan, ẹni tó wà níwájú okùn yóò ké pé, "Mélòó?" Àwọn tó kù yóò dáhùn pé, "Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin." Wọ́n kọjá níwájú ọ́fíìsì ìwọnlẹ̀, àwọn akọ̀wé sáré jáde sí àtẹ̀gùn. "Mélòó?" "Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin." Àwọn akọ̀wé náà bá wọn gbè é. Kẹ̀kẹ́ ga ju ti Ganeshlal lọ ní ìgbọ̀nwọ́ kan, kò sí ẹni tí kò rí i.

Nígbà tí wọ́n padà dé ẹnu ilé, Chirimaya kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá fẹ́ mú òrìṣà wọlé, obìnrin tó dàgbà jù nínú ilé ni yóò mú un wọlé, kọ́kọ́rọ́ ilé ló sì fi ń fà á. Kọ́kọ́rọ́ irin gígùn ni, ó wúwo bí ọwọ́ ọmọ. Ó di orí rẹ̀ mú, ó na ìdí rẹ̀ sí ọkọ rẹ̀.

Tejman wo kọ́kọ́rọ́ náà. Ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Dì í mú dáadáa, Bàbá Subarna," ni Chirimaya wí. "Àtẹ̀gùn pọ̀. Òkè lọ́hùn-ún, ní ilé ìdáná, ni a ń lọ."

Ó sì fà á wọlé.

Ibi tí mo bá wọn dé nìyẹn o, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìka lábẹ́ aṣọ láti mọ ẹni tó dàgbà ju ẹnì kejì, ọ̀la ni ẹ ó máa jà sí i. Ẹni tó kéré jù ni kó pa fìtílà. Ẹ ká ẹní, ẹ lọ sùn.